Ṣé O Mọ̀? Iná Kẹ̀kẹ́ Rẹ Ń Bẹ Nínú Pàǹtí

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá agogo méje alẹ́ rí ló mọ̀ pé òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀: kòtò tó gbé ọmọ ṣánlẹ̀ á gbé bàbá rẹ̀ náà. Èmi máa ń ṣa ìtàn iná kẹ̀kẹ́ jọ bí àwọn kan ṣe ń ṣa owó àtijọ́ jọ, mo sì tú àpò mi síbí lónìí. Mú èyí tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n má bú mi o, bí o bá kà á tán tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọ láti tú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

KÍ BÁTÌRÌ TÓ DÉ

Ṣé o mọ̀ pé inú àgbá kẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n ń gbé àtùpà kọ́ sí nígbà kan? Àwọn kẹ̀kẹ́ ayé 1880, tí àgbá iwájú wọn ga tó àyà àgbàlagbà, àárín sípóòkù ni àtùpà elépo wọn ń fì dirodiro sí bí aago ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkùnrin tí irú àtùpà bẹ́ẹ̀ sọ di olókìkí ní Birmingham, Joseph Lucas, epo kẹrosíìnì ló ń fi ọmọlanke tì kiri tà tẹ́lẹ̀. Orúkọ wo ló wá sọ àtùpà rẹ̀? Ọba Ojú Ọ̀nà! Ọmọlanke ló bí ọba.

Àbẹ́là náà ti jẹ oyè iná kẹ̀kẹ́ rí. Sípíríìngì ni wọ́n fi sí i nídìí: bí àbẹ́là ṣe ń jó lọ sílẹ̀ ni sípíríìngì ń tì í sókè, kí ojú iná má baà kúrò lójú kan.

Gbọ́ èyí: òkúta kan wà tó jẹ́ pé bí omi bá kán sí i lára, gáàsì tó ń gbaná ni yóò tú jáde. Kábáàdì ni, ní nǹkan bí 1900, òun ló ń tan iwájú kẹ̀kẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Kábáàdì yìí kan náà làwọn ọdẹ ilẹ̀ wa so mọ́ iwájú orí wọ igbó lóru, òun làwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀, òun náà làwọn kan sì fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tipátipá tí NAFDAC ń pariwo lé wọn lórí. Òkúta kan, iṣẹ́ mẹ́rin!

Dainamó ńkọ́, èyí tó ń fi orí ra ara táyà? Wáàtì 3 péré ló ń béèrè: 2.4 fún iná iwájú, 0.6 fún tẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lè mú wáàtì 75 jáde látinú itan méjèèjì, kò sì ní mí hẹlẹ.

Àléébù dainamó àtijọ́ á pa ọ́ lẹ́rìn-ín, bí kò bá pa ọ́ lára: bí o bá ti dúró, iná kú. Níbo lo sì ti máa ń dúró? Oríta ni, níbi tó yẹ kí mọ́tò ti rí ọ jù!

Síbẹ̀, títí di 2013, dainamó yìí ni òfin Jámánì ń béèrè lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó bá máa wọ títì. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí bátìrì dá iṣẹ́ ọ̀hún ṣe.

ARÁ JAPAN TÍ INÁ KẸ̀KẸ́ SỌ DI OLÓWÓ

Ọmọ ọdún 9 ni Konosuke Matsushita nígbà tí wọ́n mú un kúrò ní ilé-ìwé lọ kọ́ṣẹ́ ní Osaka, ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ ló sì dàgbà sí. Fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Àfàìmọ̀ kí o má ti fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Láyé ìgbà náà, wákàtí 2 sí 3 ni iná kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ń lò kó tó kú. Matsushita jókòó tì í fún oṣù 6, ó ṣe àwòṣe tó tó nǹkan bí 100, ó sì gbé ọ̀kan jáde ní 1923 tó ń tàn fún wákàtí 30 sí 40!

Ó rí bí ọta ìbọn. Àwọn alágbàtà wò ó, wọ́n ní irọ́ ni: ta ní gbọ́ iná kẹ̀kẹ́ tó ń tàn mọ́jú?

Mo fẹ́ kí o sọ ohun tí ìwọ ì bá ṣe. Òun gbé iná náà lọ bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìgba kọ́bọ̀, ó tan ọ̀kan kalẹ̀ níwájú wọn, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ títí yóò fi kú. Wọ́n ṣọ́ ọ títí ojú fi tì wọ́n.

Ní 1927, ó fẹ́ fi iná tuntun 10,000 tọrẹ fún ayé, ó wá lọ bá ọ̀gá kan tó ń ṣe bátìrì pé kó fi bátìrì 10,000 gbè é lẹ́yìn. Àdéhùn wọn ni pé bí Matsushita bá ta 200,000 kí ọdún tó parí, 10,000 yẹn di ọ̀fẹ́. Èló ló tà? 470,000!

Orúkọ ọ̀gá oníbátìrì yẹn ńkọ́? Jókòó dáadáa: Okada!

Kì í ṣe ọkadà tiwa o. Tiwa gba orúkọ lára ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, ìyẹn náà sì gba tirẹ̀ lára ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Edo. Ṣùgbọ́n gbà á lẹ́nu mi: Okada ti ń bá wọn tan iná kẹ̀kẹ́ kí ọkadà tó wá gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́.

National ni orúkọ tí wọ́n kọ sára iná ọdún 1927 yẹn. Bí rédíò National bá ti ké nílé yín rí, tàbí tí tẹlifíṣọ̀n yín ń jẹ́ Panasonic, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ oníná kẹ̀kẹ́ yẹn ni gbogbo wọn ti wá.

KÍ LÓ WÀ NÍKÙN BÁTÌRÌ?

Ṣé o mọ̀ pé bátìrì àkọ́kọ́ láyé kò ní ju nǹkan mẹ́ta lọ? Ní 1800, Alessandro Volta, ará Ítálì, to fàdákà lé síńkì, ó ki páálí tó rin fún omi iyọ̀ sáàárín wọn, ó ń tò ó lọ sókè bí àwo ọlọ́bẹ̀. Orúkọ rẹ̀ la ń pè nígbàkúùgbà tí a bá sọ pé fóltì.

Ìwọ náà lè ṣe é nídìí ààrò. Ki ìṣó tí wọ́n fi síńkì bò àti wáyà bàbà bọ inú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní fóltì 1. So mẹ́rin pọ̀, LED pupa kékeré á ṣẹ́jú sí ọ. Gílóòbù tọ́ọ̀ṣì ò ní dá ọ lóhùn o, ebi ìyẹn pọ̀ ju ti ọsàn lọ.

Ilé tí bátìrì ń gbé ni oúnjẹ tó ń jẹ! Agolo síńkì tó yí bátìrì tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú ká ni òdì rẹ̀, ìyẹn apá nẹ́gátíìfù, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ títí yóò fi lu. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ti pẹ́ fi ń su omi sínú rédíò.

Ìyá àgbà tó ń sá bátìrì sórí páànù kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ooru ń mú kí ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yára ṣiṣẹ́, ó sì lè ká ìròyìn alẹ́ ọjọ́ kan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí o bá sá bátìrì kọ̀ǹpútà tàbí ti fóònù sóòrùn, iná mìíràn lo ń pè yẹn.

Wo nọ́ḿbà yìí: 18650. Kì í ṣe kóòdù awo. Ìbú ọmọ bátìrì náà jẹ́ mílímítà 18, gígùn rẹ̀ 65, òdo tó gbẹ̀yìn sì ń sọ pé ó rí róbótó bí igi ṣọ́ọ̀kì.

Níbo ló ń gbé? Inú bátìrì ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ ni, àwọn ọmọ 6 ló sì sábà máa ń wà nínú ìyá kan. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé ìyá ti kú, ọmọ kan tàbí méjì ló sábà máa ń kú nínú wọn. Àwọn yòókù wà láàyè, wọ́n kàn sin wọ́n mọ́ òkú ni.

Bí o ṣe máa mọ alààyè nìyí: fi mítà wọn fóltì rẹ̀. Èyí tó bá wà ní 3 sókè ṣeé gbà tọ́. Èyí tó bá ti sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ 2 dáadáa, tàbí tó wú, tàbí tí awọ ara rẹ̀ ti ya, bọ́wọ́ rẹ̀ kí o jẹ́ kó máa lọ.

Ẹni ọdún 97 ni John Goodenough nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2019 lórí irú bátìrì yìí. Kò tíì sí ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rí tó gba Nobel. Àwọn tó ń sọ pé ọjọ́ ti lọ lórí àwọn, ẹ gbọ́ o.

Ta ní ta bátìrì tí wọ́n kọ 9,900 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbé pamọ́, sí lára fún ọ? Wọ́n ti lù ọ́! Ojúlówó 18650 tó dára gan-an kì í sábà ju nǹkan bí 3,500 lọ.

Ọwọ́ rẹ gan-an lè dá ayédèrú mọ̀. Ojúlówó máa ń wọ̀n tó gíráàmù 45 sí 50. Èyí tó bá fúyẹ́ bí ìgbín tí wọ́n ti jẹ ẹran inú rẹ̀ tán, dá a padà fún olówó rẹ̀.

INÁ FUNFUN TÍ KÌ Í ṢE FUNFUN

Ṣé o mọ̀ pé iná funfun LED rẹ, búlúù ni? Wo ojú rẹ̀ nígbà tí kò bá tàn: àwọ̀ ìyeyè tó dà bí ìdọ̀tí níbẹ̀ yẹn ló ń bu omi là á, tó ń sọ búlúù di funfun kó tó kan ojú rẹ.

Láti 1962 ni Nick Holonyak ti mú LED pupa tó ṣeé fojú rí jáde, ṣùgbọ́n búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa kò dé títí di 1993, nígbà tí Shuji Nakamura gbé e jáde ní Japan. Ọdún 31 fún àwọ̀ kan! Àwọn mẹ́ta ló pín Nobel ọdún 2014 lé e lórí.

Gílóòbù àtijọ́, ẹni ilẹ̀ ń jẹ ni: nínú náírà 10 iná tó bá jẹ, nǹkan bí náírà 9 ló fi ń gbóná. Ààrò ni, ó kàn ń tàn díẹ̀ ni.

LED tó lè lo wákàtí 25,000, bí o bá ń tàn án fún wákàtí kan lálaalẹ́, á lò tó ọdún 68. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ni yóò máa jà sí i.

LED ní ẹsẹ̀ méjì tí kò dọ́gba: èyí tó gùn ló ń gba òòtú, ìyẹn ẹnu tó yọrí lára bátìrì. Gílóòbù kò kọ̀ bí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá so LED sódì, kàkà kó tàn, á kàn máa wò ọ́ ni.

Ṣé o ti rí i tí bátìrì rímóòtù méjì tan LED pupa tí wọn ò lè tan funfun? Pupa ń fẹ́ nǹkan bí fóltì 2, funfun ń fẹ́ nǹkan bí 3. Aláwọ̀ funfun ló ná ni lówó jù.

Ooru LED kì í jáde síwájú bíi ti gílóòbù. Ẹ̀yìn ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí LED ńlá fi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ti páànù alumíníọ̀mù, bí arúgbó ṣe ń fẹ̀yìn ti ògiri tútù lọ́sàn-án.

JẸ́ KÁ TÒ Ó PỌ̀

Ohun mélòó lo rò pé iná kẹ̀kẹ́ ń fẹ́? Méje péré: ọmọ bátìrì 18650 kan, ilé oníke tó ń jókòó sí, pátákó tó ń gba iná sí i, swíìṣì, rẹsísítọ̀ tó ń dín iná kù, LED oníwáàtì 1, àti páànù alumíníọ̀mù kan. Bí o bá rìn yípo Computer Village ní Ìkẹjà ní ìdajì ọjọ́, kò ní sí èyí tí o ò rí.

Pátákó tó ń gba iná yẹn, TP4056 ni wọ́n ń pè é, kò sì tóbi ju àtàǹpàkò rẹ lọ. Sájà fóònù ló ń jẹ. Ojú rẹ̀ á pọ́n bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, á di búlúù bó bá yó, kò sì ní jẹ́ kí bátìrì jẹ kọjá fóltì 4.2. Ọmọ tó mọ ìgbà tí òun yó, mélòó lo rí?

Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń yọ LED lọ́wọ́ ikú. Bátìrì tó yó ní fóltì 4.2, LED ń fẹ́ 3.2: fóltì 1 ló lé. Pín in sí ámpù 0.3 tí o fẹ́ kó máa kọjá, ó lé díẹ̀ ní 3, rẹsísítọ̀ 3.3 óòmù sì ni wọ́n ń tà lọ́jà.

Rẹsísítọ̀ kì í kọ nọ́ḿbà sára, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sán mọ́dìí! Ti 3.3 óòmù, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ni àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ wúrà: 3, 3, kí o wá pín in sí mẹ́wàá.

Bátìrì 2,500 mAh, ámpù 0.3: pín in, wákàtí 8 ó lé. Láti Ìbàdàn, ìwọ ì bá gùn ún dé Èkó kí iná tó kú. Ẹsẹ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Má fi òjé gbígbóná, èyí tí a fi ń lẹ wáyà pọ̀, kan ìdí ọmọ bátìrì láé. Torí èyí ni ilé oníke ṣe wà: òjé yọ́ sórí wáyà, bátìrì kàn wá jókòó ni, bí o bá sì fẹ́, o lè yọ ọ́ fi tan nǹkan mìíràn.

Àwo dídán inú tọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́, o ṣì ń sọ ọ́ nù? Láìsí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ á fọ́n káàkiri bí àgbàdo tó dà sílẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, ojú kan ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Kí ni wàá fi so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́? Lọ bá fọkanáísà. Gé tíúbù tó ti kú ní ìwọ̀n ìka méjì, fi wé e yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o dì í: kì í yọ̀, omi kì í ṣe é ní nǹkan kan, ó sì ń gba ìgbọ̀nrìrì títì mọ́ra kí ojú òjé má baà ṣí.

Páìpù omi oníke tí ọmọ bátìrì bá lè wọ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ méjèèjì, ni agbádá òjò tó dára jù. Òjò Okudù á rọ̀ títí, á rẹ̀ ẹ́.

Ibi kan péré ni kí o má fi ọmọ bátìrì sí: àpò tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ wà. Bí irin bá so ẹnu rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ṣòkòtò rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

LÓJÚ Ọ̀NÀ

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ ọ: iná orí rẹ lè pa kòtò mọ́ ọ lójú! Iná tó bá wà nítòsí ojú kì í jẹ́ kí o rí òjìji, ilẹ̀ á sì dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. So ó mọ́ ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, gbogbo òkúta á tẹ́ òjìji rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Bí o bá ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá kan ti gbé ọ kọjá mítà 5.5 kí ìka rẹ tó kan bíréèkì. Iná tí kò ju mítà 5 lọ, kòtò ló ń fi hàn ọ́ nígbà tí o bá ti wà nínú rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lọ jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára ìlọ́po mẹ́rin lo máa san. Torí náà, nu ojú iná rẹ kí o tó ronú àtira bátìrì kejì.

Ojú èèyàn ń lo nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára tán, iná ẹnìkan tó wọ̀ ọ́ lójú sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Dorí tìrẹ kodò díẹ̀, má fọ́ ẹlòmíràn lójú.

Béèrè lọ́wọ́ ọdẹ: ojú ẹran ló ń kọ́kọ́ rí lóru, kì í ṣe ara rẹ̀, torí ojú náà ń dá iná padà síbi tó ti wá. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú gíláàsì pupa ìdí kẹ̀kẹ́ rẹ, tí kì í jẹ bátìrì kankan.

Percy Shaw, ará Yorkshire, sọ ọgbọ́n yìí di owó ní 1934: ó gba ìwé àṣẹ lórí gíláàsì kéékèèké tó ń tàn láàárín títì. Kí ni wọ́n ń pè é? Ojú ológbò!

Gíláàsì tó wà lára pẹ́dálì ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Bó ṣe ń lọ sókè sódò, ojú awakọ̀ á ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn nìyẹn kó tó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni.

Iná kẹ̀kẹ́ tó ń ṣẹ́jú, ní ìlú Ọba, òfin gbà á láti 2005, bó bá ṣáà ń ṣẹ́ láàárín ìgbà 60 sí 240 ní ìṣẹ́jú kan. Ní Jámánì, iná iwájú kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ rárá: tàn án kó dúró, tàbí kí o sọ̀.

Ọ̀sán gangan ńkọ́? Ní Odense, nílẹ̀ Denmark, wọ́n kó àwọn oníkẹ̀kẹ́ 3,845 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní iná tí kì í kú tọ̀sán-tòru, wọn ò fún àwọn yòókù. Láàárín ọdún kan, ìjàm̀bá tó ṣe oníkẹ̀kẹ́ léṣe fi ìpín 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín lọ́dọ̀ àwọn oníná!

Funfun níwájú, pupa lẹ́yìn: kì í ṣe oge. Ẹni tó bá rí pupa mọ̀ pé o ń lọ, ẹni tó bá rí funfun mọ̀ pé o ń bọ̀. Bí o bá gbé wọn sódì, awakọ̀ á rò pé ẹ̀yìn lo ń fi rìn.

Ó kù ẹyọ kan, òun náà ni mo fi di àpò mi. Kẹ̀kẹ́ tí kò níná lálẹ́, ẹni tó gùn ún nìkan ló mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tan tìrẹ.